Iná Wo Ni Kí A Fi Dáná? Ẹ̀kọ́ Lórí Gáàsì, Iná Mànàmáná àti Induction

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìdílé Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lónìí: sítóòfù wo ni kí a rà sí ilé ìdáná? Ṣé ti gáàsì ni, ti iná mànàmáná, tàbí èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní induction? Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí sítóòfù kan tí ó dára jù fún gbogbo ilé. Èyí tí iná, ìkòkò àti wáyà ilé ẹni lè gbé ni ó yẹ kí a rà.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́

Gáàsì ìdáná jẹ́ àdàpọ̀ propane àti butane tí a fún mọ́ inú sílíńdà títí ó fi di olómi. Bí a bá ṣí i, yóò padà di afẹ́fẹ́, yóò sì máa jó lábẹ́ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú ooru rẹ̀ ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ; bí a bá pín ooru náà sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 40 ni ó ń dé inú oúnjẹ.

Sítóòfù iná mànàmáná ń mú kí irin tí a ká bí ejò gbóná, irin náà ni ó sì ń gbé ooru fún ìkòkò. Nínú ọ̀nà 100, nǹkan bí 75 ni ó ń dé inú oúnjẹ.

Ti induction yàtọ̀. Wáyà bàbà tí a ká sábẹ́ gíláàsì rẹ̀ ń mú agbára òòfà jáde, agbára yìí sì ń mú kí iná ṣàn nínú ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀. Ìkòkò ni ó ń gbóná; gíláàsì kàn ń gba ooru lára rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí nǹkan bí 85 nínú 100 fi ń dé inú oúnjẹ.

Ìṣirò owó

Agbára tí ó wà nínú kílò gáàsì kan tó yúnìtì iná bíi 13. Nítorí ooru tí ó ń ṣòfò, nǹkan bíi yúnìtì 5 ni ó ń wọ inú ìkòkò. Kí a tó rí ooru kan náà, sítóòfù iná mànàmáná yóò jẹ nǹkan bíi yúnìtì 7, induction yóò sì jẹ bíi 6.

Nítorí náà, ẹ sọ iye owó yúnìtì kan di ìlọ́po 7 fún sítóòfù iná mànàmáná, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 6 fún induction. Kí ẹ wá fi wé iye tí wọ́n ń ta kílò gáàsì kan lọ́jọ́ náà. Fún àpẹẹrẹ, ní oṣù keje ọdún 2024, ₦209.50 ni yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ní iye yẹn, iṣẹ́ kílò gáàsì kan yóò ná sítóòfù iná mànàmáná ní nǹkan bí ₦1,467, yóò sì ná induction ní nǹkan bí ₦1,257. Bí kílò gáàsì bá wọ́n ju ₦1,257 lọ, induction ni ó ń dín owó kù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gáàsì ni.

Àwọn tí kò sí ní Band A ń san owó tí ó kéré gan-an lórí yúnìtì, ṣùgbọ́n wákàtí iná wọn kò tó nǹkan. Ọmọ tí ebi ń pa kò sì lè dúró de iná.

Ìkòkò wa

Induction kò mọ ìkòkò tí kì í ṣe irin tí òòfà ń fà. Ọ̀pọ̀ ìkòkò wúwo tí a fi ń se ọbẹ̀ àríyá, tí àwa fúnra wa ń pè ní ìkòkò irin, àlùmíníọ́mù ni wọ́n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú òòfà kékeré kan, kí ẹ fi kan ìdí gbogbo ìkòkò tí ó wà nílé. Èyí tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ kò ní wúlò lórí rẹ̀. Ìdí ìkòkò náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹni tí ó ń fi tagbára-tagbára ro àmàlà lójoojúmọ́ ní láti rántí pé gíláàsì ni ó wà lábẹ́ ìkòkò rẹ̀.

Wáyà ilé

Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún FESTAC tí ó wáyé ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún 1977. Wáyà tí a kò pààrọ̀ láti ìgbà náà ti tó bí 50 ọdún. Induction olójú kan tí ó ń lo wáàtì 2,000 ń fa nǹkan bí ámpìà 9, sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpìà 13 tí ó dára sì lè gbé e. Sítóòfù iná mànàmáná olójú mẹ́rin lè fa ámpìà 30, ó sì gbọ́dọ̀ ní wáyà àti súìṣì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ yẹ ilé wò kí ẹ tó rà á.

Kí àwọn tí ó ní inverter náà ṣírò dáadáa. Gbogbo agbára tí bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 200Ah lè gbé kò ju yúnìtì 2.4 lọ. Wákàtí kan péré lórí sítóòfù wáàtì 2,000 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ààbò

Ní àdúgbò wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ gáàsì ṣeré. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú, ó sì ba Bethlehem Girls College jẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sístà Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń dóòlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àlàyé tí NNPC ṣe ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí a tò jọ nítòsí ọ̀pá epo. Kì í ṣe inú ilé ìdáná ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ibi tí a gbé gáàsì sí ṣe pàtàkì.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni yóò kó ara jọ sí. Ẹ gbé sílíńdà sí ìta tàbí sí báákónì, kí ó dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìfóófò ọṣẹ dán ìsopọ̀ họ́ọ̀sì wò. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ pa ẹnu sílíńdà dé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣe fọwọ́ kan súìṣì kankan. Ní ti induction, kí ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ sí lára láti ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé àdúgbò wa, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí gáàsì jẹ́ ìpìlẹ̀, kí a sì fi induction olójú kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún omi gbígbóná, ìrẹsì àti ẹyin nígbà tí iná bá wà. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í sábà lọ, tí wáyà rẹ̀ dára, tí ìkòkò rẹ̀ sì bá òòfà mu, lè yí i padà, kí induction ṣe ìpìlẹ̀, kí sílíńdà kékeré sì wà fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Sítóòfù iná mànàmáná olójú mẹ́rin ni kí a rà gbẹ̀yìn, nítorí pé ó ń jẹ yúnìtì jù, ó sì ń ni wáyà lára jù. Ẹ̀wà ni ó ń jẹ iná jù nínú oúnjẹ wa; ẹni tí ó bá rẹ ẹ́ mọ́jú, tí ó sì sè é nínú ìkòkò tí ń há ooru mọ́ra, yóò dín owó rẹ̀ kù lórí sítóòfù èyíkéyìí.