Ẹ Wo Ìsàlẹ̀

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dìjà nínú ilé tí àgbà fẹ́ kí á wá ìdí rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rántí pé amúkùn-ún fúnra rẹ̀ ló fọhùn, àti pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Kò tọrọ àánú. Kò ní kí wọ́n bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Ó la ohun tó mú kí ẹrù wọ́ yé àwọn tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ará Towé, àti fún gbogbo ẹni tó ń gbé láàrin Pobè àti Sakété ní ilẹ̀ Benin, inú ìdáhùn yẹn ló wà: ẹni tó bá fẹ́ ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, kó wo ìsàlẹ̀, kó sì bi ẹni tó ru ẹrù.

Ọ̀kan nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ ní agbègbè wa ni egbò Buruli. Orúkọ agbègbè kan ní Uganda ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa gbé. Kòkòrò àrùn tó ń fà á ni Mycobacterium ulcerans, ìtòsí àbàtà àti odò tí omi rẹ̀ kì í sáré ló sì wọ́pọ̀ sí. Kókó kékeré lábẹ́ awọ ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn wú. Kì í dunni. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde ń jẹ ẹran ara, ó sì ń pa ìrora mọ́ni lára, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò bá dunni, a kì í sáré sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nílẹ̀ Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ń ṣe tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí egbò náà bá wà nítòsí ìgúnpá tàbí orúnkún, bó ṣe ń jinná ni awọ ń sún kì, títí oríkèé yóò fi ká tí kò ní ṣeé nà mọ́. Ọmọ tó ń sáré lọ sóko lánàá ti di arọ, a wá ń pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Ní ọdún 2003, Àjọ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ṣí ilé ìtọ́jú kan sí Pobè fún egbò yìí. Follereau, tó gbé láyé láti 1903 sí 1977, ni ọkùnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún àwọn adẹ́tẹ̀, òun ló sì dá Ọjọ́ Adẹ́tẹ̀ Àgbáyé sílẹ̀ ní 1954. Kí ilé ìtọ́jú náà tó dé, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ nìkan ni ìrètí: wọn a gé egbò náà tẹrantẹran, wọn a sì bu awọ láti ibòmíràn lára bò ó. Pobè wà lára ibi tí wọ́n ti fi hàn pé oògùn apakòkòrò lè ṣe é. Ní 2007, Dókítà Annick Chauty àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde: nínú aláìsàn 224 tí wọ́n fún ní rifampicin àti streptomycin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, àwọn 215 ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ọ̀bẹ kò kàn rárá. Àwọn ará ilé wa ni wọ́n fi ara wọn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ó sì yẹ kí á máa fi yangàn. Lónìí, oògùn oníhóró ni clarithromycin tó rọ́pò abẹ́rẹ́ streptomycin.

Nínú àbájáde kan náà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọmọ mọ̀. Nínú àwọn tí egbò wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà 5 nígbà tí wọ́n dé, mẹ́tàdínlógún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Nínú àwọn tí tiwọn ti ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó di mẹ́tàléláàádọ́rin. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ fọwọ́ wá a lára. Kókó tí kò dùn ún ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ má fi ewé gbígbóná jó o, ẹ má sì dúró di ìgbà tí ẹ bá kórè àgbàdo. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ a máa sọ pé àfiṣe ni, owó oògùn á sì ti tán kí wọ́n tó rántí ọsibítù. Bí ẹ bá fẹ́ bi Ifá, ẹ bi í, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sí Pobè lọ́jọ́ kan náà.

Bí egbò bá jinná, iṣẹ́ kò tíì parí. Oríkèé tó ti fẹ́ ká, nínà ni yóò fi là, lójoojúmọ́, nínú ìrora. Ilé ni èyí ti máa ń bàjẹ́ jù lọ. Ìyá àgbà gbọ́ igbe ọmọ, àánú ṣe é, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àánú bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọwọ́ di èyí tí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ẹ bá ọmọ náà sunkún, kí ẹ sì máa bá a na ọwọ́ náà lọ.

Àwọn àgbà tún ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé a máa ń pa òwe yìí láti fi yọ ọwọ́ wa nínú ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ta ni Olúwa fi ń lé eṣinṣin náà, bí kò bá ṣe ọwọ́ aládùúgbò? Àpò ìrẹsì tí a gbé wá lọ́jọ́ ọdún dára, kò sì pẹ́ tó fi tán. Ohun tó ń dúró ni àyè nínú ìgbé ayé ìlú: kí ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn jókòó ní kíláàsì tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀gá télọ̀ gba ọmọdébìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká síṣẹ́, kí ẹgbẹ́ àjọ àwọn obìnrin jẹ́ kí afọ́jú dá owó tirẹ̀ kó sì kó o nígbà tó bá kàn án. Ní Louho, ní Porto-Novo, ilé ẹ̀kọ́ wà fún àwọn ọmọ adití. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó béèrè ibẹ̀ kó tó sọ pé ọmọ òun kò lè kàwé. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Orílẹ̀-èdè Benin fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2012, ó sì ṣe òfin tirẹ̀, òfin 2017-06, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ẹ má ṣe tọrọ ẹ̀tọ́ ọmọ yín bí ẹni ń ṣagbe nílé méèrì.

A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á. Ẹnu wa ń dá egbò tí oògùn Pobè kò lè wò: orúkọ ẹ̀gàn, ẹ̀rín lẹ́yìn ẹni, ọmọ tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé. Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ìyálọ́jà Towé, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn aláàbọ̀ ara tó wà lágbolé yín. Ẹ fún wọn ní ìjókòó níwájú, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí kókó lára ọmọ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, kó gbé e lọ sí Pobè lọ́la.