Ǹjẹ́ Ẹ̀rọ Yóò Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Wẹ́dà?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ń jà rànyìn láàrin àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nínú wa. Wọ́n ti rí i lórí fóònù bí apá irin kan ṣe ń jó ara mọ́tò pọ̀ láìsí ènìyàn nítòsí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Òkè-Fìà ń dúró ṣe? Ṣé kí ó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sin ọ̀gá nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa gbà? Owó òbí àti ìgbà èwe ni a fi ń kọ́ṣẹ́, nítorí náà ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòní. Ní 1961 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Unimate wọ ẹnu iṣẹ́. Irin gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ fi í gbé. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí lọ, wọ́n ti ń fi í jó ara ọkọ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ IFR, tí ń ka rọ́bọ́ọ̀tì káàkiri ayé, sọ pé ní 2023 èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ní Kòríà Gúúsù, 1,012 ni wọ́n kà fún òṣìṣẹ́ 10,000.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tí ó gbà. Rọ́bọ́ọ̀tì a máa lọ síbi tí wọ́n bá ní kí ó lọ. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í lọ jẹun. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí irin méjì tí yóò jó pọ̀ wà lójú kan náà nígbà gbogbo, kí àlàfo àárín wọn má yí padà. Bí àlàfo náà bá fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀, iná lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, àfi bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa ríran fún un. Ibi tí ilẹ̀kùn mọ́tò 1,000 ti jọra bí ìbejì ni ó ti ń pa owó wọlé. Ẹ wá gbé géètì tí ọkọ̀ kọlù fún un, tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ gàrí tí ìpẹtà ti jẹ títí irin rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò kan irin náà, yóò tẹ́tí sí ohùn iná, yóò sì dín iná kù kí ó má baà lu irin náà.

Nílùú Òṣogbo wa yìí, a ti rí iṣẹ́ irin tó kú, rọ́bọ́ọ̀tì kọ́ ló sì pa á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dá Steel Rolling sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní Jos àti ní Katsina. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n kọ́ láti máa yí 210,000 tọ́ọ̀nù irin jáde lọ́dún. Bíléètì, ìyẹn ìtì irin tí wọn yóò yí di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé, Aladja àti Ajaokuta ló yẹ kó máa fi í ránṣẹ́. Èyí tó ti Aladja wá kò tó nǹkan. Ajaokuta kò sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, bíléètì òkè òkun di ohun tí apá kò ká mọ́, iná mànàmáná kò sì dúró. Machine Tools, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 kí á lè máa fi ọwọ́ ara wa ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ, kò dé ibi tí a fojú sí. Àìsí ohun tí ẹ̀rọ yóò jẹ ló lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù rọ́bọ́ọ̀tì ní Òṣogbo láìbẹ̀rù àìsí iná, ó ń sá fún ejò inú àwòrán, ó sì fẹ̀yìn ti paramọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, kí ọkàn wa má balẹ̀ jù. Bí rọ́bọ́ọ̀tì kò bá tíì dé ṣọ́ọ̀bù àwọn ọ̀gá wa, ọjà tí ẹ̀rọ ṣe ti wà lójú pópó. Ẹ bi àwọn wẹ́dà tó ti dàgbà léèrè tánkì omi. Irin ni, wẹ́dà ló sì ń jó o, kí tánkì oníke tí ẹ̀rọ ń dà jáde tó gba orí ilé kan. Fèrèsé onírin ti fi àyè sílẹ̀ fún ti alumíníọ̀mù. Ilẹ̀kùn irin tí a kó wá láti Ṣáínà, tó ti ní kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀dà lára, ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ẹrù lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ wọ̀nyí. Oníbàárà ni kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá rí. Àwọn ayọ́rin wà láyé àtijọ́ tí ń wa òkúta irin nílẹ̀, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iléru. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy ṣàlàyé irú abúlé bẹ́ẹ̀ kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ ní 1904. Irin òyìnbó tó pọ̀ yanturu ló pa iléru wọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ kò bá wọn lọ, àwọn ni wọ́n gba irin òyìnbó náà tí wọ́n fi rọ ọkọ́ àti àdá. Ìdí ni pé àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ irú ọkọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́, alágbẹ̀dẹ ló sì lè bá a wọn ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni mo fẹ́ kí a fi Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé yẹ̀ wò. Nínú Súúrà Sabai, ẹsẹ 10 àti 11, Ọlọ́hun sọ fún wa pé Òun sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáwúdù (A.S.), kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun. Iṣẹ́ ìnira ti di ìrọ̀rùn fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí ó wọn òrùka ara ẹ̀wù náà dáadáa. Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí i: irin ti rọ̀, ìwọ̀n kò kúrò lọ́rùn oníṣẹ́. Òrùka tó tóbi jù, ọfà á gbà á kọjá. Èyí tó wúwo jù, á dá jagunjagun lágara. Hádíísì tó wà nínú Bukhari sì fi yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ànábì yìí ń jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọba. Ẹ̀rọ lè mú kí irin rọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n irú irin wo, kí ni yóò gbé, níbo ni yóò ti kọ́kọ́ ya: ìwọ̀nyí wà lọ́rùn ènìyàn.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ géètì nìkan ní láti bẹ̀rù. Ẹni tó bá mọ̀ bí a ṣe ń ka àwòrán iṣẹ́, tó lè jó páìpù, ọ̀nà wà fún un. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010 lórí iṣẹ́ epo rọ̀bì, abala 53, sọ pé kí iṣẹ́ ìjórin ilé iṣẹ́ náà máa wáyé nínú Nàìjíríà. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá Egina dé Èkó láti Kòríà ní 2018, abala mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe níbí ni wọ́n jó mọ́ ọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba wẹ́dà nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe fírídọ̀mù fún un. Ìdánwò 6G wà: wọ́n á de páìpù ní dídagun, kò ní yí, wẹ́dà ni yóò yí i ká lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ awòfín á wo inú ojú ìjórin bí dókítà ti ń wo egungun. Ilé ẹ̀kọ́ PTI ní Effurun ń kọ́ni, NABTEB sì ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó bá ti kọ́ iṣẹ́ náà. Kódà, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan wà lóde báyìí tí wẹ́dà ń di apá rẹ̀ mú, tí ó ń fà á gba ojú ibi tí yóò jó, kí ẹ̀rọ lè rántí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó, kí ni yóò fi kọ́ ọ?

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jó ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá fẹ́ kọ́ ọ kò ní láti ṣí ìbòrí rẹ̀ kúrò. Kí ó sáà jẹ́ òwú, kí ó ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù. Aṣọ tó ń dán bí ọ̀rá, ẹ̀ta iná kan tó bá bà á, yíyọ́ ni yóò yọ́ mọ́ni lára.

Kí òbí tó san owó ìkọ́ṣẹ́, kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà fún ìdajì ọjọ́ kan. Kí ó wò ó bóyá ọ̀gá ń fi téèpù wọn irin kí ó tó gé e, bóyá ìbòjú wà fún ọmọ iṣẹ́ tàbí ojú lásán ni wọ́n fi ń wo iná, àti bóyá wọ́n ń dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ìrun Àsárì bá tó.