Orin Kan Lẹ́nu Akọrin Méjì

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnì kan bá wí pé, "Mo kọ orin kan," kí ni ó ṣe? Ó lè jẹ́ pé ẹnu ni ó fi kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ka ìtàn orin kan tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ, tí ẹlòmíràn fi ẹnu kọ, tí gbogbo ayé sì gbọ́.

Dolly Parton, ará Tennessee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ni orin náà. Ọmọ méjìlá ni ìyá rẹ̀ bí. Òun ni ẹ̀kẹrin. Ní 1967, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Porter Wagoner kọrin lórí tẹlifíṣàn. Nígbà tí ó fẹ́ dá dúró, kò fẹ́ kí àwọn fi ìjà pínyà. Ó jókòó, ó kọ orin ìdágbére kan, I Will Always Love You. Orin náà jáde ní 1974.

Láìpẹ́, Elvis Presley, gbajúmọ̀ akọrin, fẹ́ kọ ọ́. Inú Dolly dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n alámòójútó Elvis ní kí Dolly kọ́kọ́ fi ìdajì ẹ̀tọ́ ìtẹ̀jáde orin náà lé àwọn lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀tọ́ yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni í máa gba owó nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá lo orin náà. Dolly kọ̀. Ó ti sọ pé òun sunkún ní òru ọjọ́ náà, àti pé àwọn ènìyàn ní orí òun kò pé. Elvis kú ní 1977 láì gbé orin náà jáde.

Ní 1992, wọ́n ń ṣe fíìmù The Bodyguard. Whitney Houston, ọmọ Newark tí ìyá rẹ̀ jẹ́ akọrin nínú ìjọ, ni ó ṣe akọrin nínú rẹ̀. Orin mìíràn ni wọ́n ti mú sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n fíìmù mìíràn ti lo ìyẹn. Kevin Costner, tí wọ́n jọ ṣeré náà, ni ó mú orin Dolly wá. Òun náà ni ó ní kí Whitney bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí ìlù, láìsí dùùrù. Ẹ̀rù ba àwọn kan pé ilé iṣẹ́ rédíò kò ní gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ó ti dùn jù. Bí o bá rí i gbọ́, fi etí sí bí ohùn náà ṣe dá wà, títí ìlù fi dún gbì, tí ohùn sì gòkè.

Nínú fídíò rẹ̀, Whitney jókòó sórí àga, kò jó rárá. Wọ́n ń fi àwòrán inú fíìmù náà há a láàrin. Ọ̀sẹ̀ 14 ni orin náà fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Inú mọ́tò ni Dolly wà nígbà tí ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó ní díẹ̀ ni ó kù kí òun fi mọ́tò kọlu nǹkan! Ohùn yàtọ̀, ìlù yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Whitney, tí ó kú ní 2012, gba owó lórí àwo tí ó tà. Ṣùgbọ́n bí rédíò orí afẹ́fẹ́ bá lo orin ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún, kì í ṣe ẹni tí ó fi ẹnu kọ ọ́. Ní 2021, Dolly sọ pé òun fi díẹ̀ nínú owó náà ra ilé ìtajà ńlá kan ní agbègbè àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Nashville.

Ìdánrawò
1. Kí ni alámòójútó Elvis béèrè lọ́wọ́ Dolly?
2. Kí ni ó mú kí Dolly kọ orin yìí?
3. Fi kọ, kọ̀ àti kọ́ ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ra fún àmì ohùn.
4. Bí o bá wà ní ipò Dolly, èsì wo ni ìwọ ìbá fún Elvis? Sọ ìdí rẹ̀.