Ẹ Ka Àmì @ Kí Ẹ Tó Gé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dátábéèsì, iṣẹ́ kan wà tó máa ń dà bí eré lójú yín: kí wọ́n kó ìwé oníbàárà fún yín, kí ẹ bá adírẹ́ẹ̀sì ímeèlì mẹ́ta mẹ́rin nínú àpótí kan ṣoṣo. Ẹnì kan fi kọ́mà là wọ́n, ẹlòmíràn fi sẹmikólọ̀n torí pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí i nínú Outlook, ẹlòmíràn kàn tẹ Enter. Ọwọ́ yín á ti máa yá sí STRING_SPLIT. Ẹ dáwọ́ dúró ná.

Kọ́mà ló léwu jù. Nílẹ̀ wa, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣíwájú nínú fọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ ó rí irú èyí: "Adébáyọ̀, Títí" <titi@example.com>. Òfin ímeèlì tí wọ́n ń pè ní RFC 5322, ti ọdún 2008, gbà kí kọ́mà wà láàárín àmì àyọlò láìjẹ́ ààlà. STRING_SPLIT tó bá SQL Server 2016 dé kò mọ ìyẹn. Àmì tí ẹ bá fi lé e lọ́wọ́ ni yóò máa gé kiri: Adébáyọ̀ á bọ́ sí ìlà kan, Títí á bọ́ sí òmíràn.

Èmi náà fi kọ́mà gé e bẹ́ẹ̀ rí, mo sì pa gbogbo ìlà tí kò ní @ rẹ́. Ó mọ́ lójú mi. Àṣé àwọn tí sẹmikólọ̀n so pọ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí adírẹ́ẹ̀sì kan, ìwé owó olóṣooṣù wọn ò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà ò pariwo rárá. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà, mo máa ń kà kí n tó gé. Ẹ fi REPLACE mú @ kúrò, kí ẹ wo iye tí LEN fi dín kù. Bó bá dín ní mẹ́ta, adírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ló yẹ kó jáde. Bí iye méjèèjì ò bá bára mu, ẹ gbé ìlà náà lọ sí tábìlì ọ̀tọ̀ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àlàfo pẹ̀lú. TRIM lásán kì í mú CHAR(160) kúrò, bẹ́ẹ̀ ni táàbù àti CHAR(13) á ṣì lẹ̀ mọ́ adírẹ́ẹ̀sì láìhàn sójú. Níbi tí àmì àyọlò bá ti pọ̀, ẹ má fi SQL jà á. Nínú Python, getaddresses mọ kọ́mà tó jẹ́ ti orúkọ yàtọ̀ sí kọ́mà tó jẹ́ ààlà.

Adírẹ́ẹ̀sì kan, ìlà kan. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, bó ṣe rí gan-an, sínú òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pè yín pé òun ò rí ímeèlì gbà, ibẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò.