NÍGBÀ TÍ OLÙPẸJỌ́ BÁ DÌDE

Kà: Lúùkù 18:9-14
Akọ́sórí: 1 Jòhánù 2:1

Ǹjẹ́ o ti jókòó sí kóòtù rí níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn? Lọ́yà olùjẹ́jọ́ ni ó kọ́kọ́ máa ń bi í ní ìbéèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò ìjọba yóò dìde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pariwo. Ohun kékeré ni yóò máa béèrè: aago mélòó ni o délé? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ? Yóò wá mú ìwé tí ọkùnrin náà fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá jáde, yóò fi wé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, òógùn a sì bò ó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò fi ipá mú un dé ibẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 36, fún un láyè láti dákẹ́. Olùpẹjọ́ ni kí ó mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gòkè lọ jẹ́rìí, ìbéèrè di dandan.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, olùpẹjọ́ kò lè ṣàdédé máa hú ìwà búburú àtẹ̀yìnwá olùjẹ́jọ́ jáde. Àmọ́ bí olùjẹ́jọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ọmọlúàbí ni mí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí," ó ti ṣílẹ̀kùn. Olùpẹjọ́ lè wá bi í nípa ẹ̀wọ̀n tí ó ti ṣe rí.

Ohun tí Farisí inú kíkà wa ṣe gan-an nìyẹn. Ó ka ààwẹ̀ rẹ̀, ó ka ìdámẹ́wàá rẹ̀ (ààwẹ̀ kò kúkú burú). Agbowó-òde kò rí nǹkan kan kà. Ó bẹ̀bẹ̀, òun ni a sì dá láre.

Olùfẹ́, Sátánì olùfisùn mọ ìtàn rẹ. Bí o bá fi ipò rẹ nínú ìjọ dá a lóhùn, tàbí iye ọdún tí o ti lò nínú ẹgbẹ́ akọrin, yóò bi ọ́ léèrè owó tí o kó níbi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kí ni wàá sọ? Níwájú Ọlọ́run a kì í sẹ́. Jẹ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, dá owó olówó padà, kí o sì fi ẹjọ́ náà lé Alágbàwí rẹ lọ́wọ́.

Àdúrà: Jésù Olúwa, n kò ní òdodo ti ara mi tí mo lè fi dáhùn. Bá mi rojọ́ mi. Àmín.