Bíráúsà Àtijọ́ fún Kọ̀ǹpútà Tó Ti Dàgbà

Kọ̀ǹpútà a máa dàgbà bí ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ó ń lo Windows 7, tí ó ti sáré bí àgbọ̀nrín nígbà kan rí, ni Chrome tuntun kọ̀ láti bá ṣe ní ọdún 2023, èyí tí ó sì ń lo Windows XP kò lè gba Firefox tí ó ju ẹ̀dà 52 lọ. Síbẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ kò tí ì ká tuntun kò ní tìtorí èyí gbé tirẹ̀ jù sí ààtàn.

Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń pín bíráúsà àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí eṣú, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti fi fáírọ́ọ̀sì sínú fáìlì náà, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gidi: gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni nǹkan ni kí a ti béèrè rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mozilla, tí ó ṣe Firefox, ni àgbà tí mo ń wí, archive.mozilla.org sì ni ó kó àkísà tirẹ̀ sí. Firefox 115 ESR ni kí oníWindows 7 mú níbẹ̀. Ní ti XP, bíráúsà ògbólógbòó inú rẹ̀ kì í sábà lè ṣí ojúlé náà mọ́, nítorí náà, kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹ fi gba Firefox 52, kí ẹ sì fi fíláàṣì gbé e wá.

Ó ku kí a yẹ̀ ẹ́ wò, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi gbà á gan-an. Nínú àpò ẹ̀dà tí ẹ mú ni fáìlì kan wà tí ń jẹ́ SHA256SUMS, tí ó to ìtẹ̀ka gbogbo fáìlì ibẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àmì 64 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí orúkọ fáìlì tí ẹ gbà padà sí firefox.exe, nítorí àlàfo inú orúkọ rẹ̀ a máa da àṣẹ rú. Ẹ ṣí cmd, fèrèsé dúdú nì, kí ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

certutil -hashfile Downloads\firefox.exe SHA256

Àmì tí yóò jáde ni kí ẹ fi wé ti Mozilla láti orí dé ìdí. Ojú a máa ro ènìyàn níbẹ̀, ọ̀lẹ a sì máa wo mẹ́rin àkọ́kọ́ kí ó tó ní ó tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n ojúlówó lè ní ihò. Láti ọdún 2018 ni Mozilla ti ṣíwọ́ dídí ihò ara Firefox 52, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ ihò wọ̀nyẹn bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Ẹ máa fi ka ìròyìn, ẹ máa fi wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí báǹkì yín sínú rẹ̀.