Fì, Sádi, Òjìji: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Eré Ìje Orí Ẹ̀rọ Alágbèéká

Nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí a máa ń kà lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá, ìṣirò, òfin, ìṣègùn àti ẹ̀kọ́ gírámà ni a sábà máa ń bá pàdé. Eré kì í sí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré kò tó ohun tí àgbà ń jókòó ro orúkọ fún. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Kò sí ohun tí ń dán ọ̀rọ̀ wò tó eré, nítorí pé ẹni tí ń ṣeré kò ní àyè láti máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Èyí tí kò bá yá lẹ́nu, yóò jù ú nù, yóò sì mú ti Gẹ̀ẹ́sì. Eré tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mario Kart, eré ìje ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù ń ṣe.

Ní ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé eré náà jáde, fún ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní 2001 ó dé orí Game Boy Advance, tí ó ṣeé mú lọ́wọ́. Ní 2005 ó dé orí Nintendo DS, ní 2011 ó dé orí 3DS. Èyí tí a ó gbé yẹ̀wò jù ni Mario Kart 8 Deluxe, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2017 fún Nintendo Switch. Ẹ̀rọ yìí, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí bọ́tìnnì wà lára wọn, kò wúwo tó 400 gíráàmù, ènìyàn sì lè máa fi ṣeré nínú ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ 12 ni ó ń jọ sá eré ìje, wọn a sì máa yí ipa náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà.

Orúkọ ẹ̀rọ náà kò fa wàhálà. Géèmù ti di ti wa. Alágbèéká ni a sì fi ń ṣàpèjúwe fóònù àti kọ̀ǹpútà tí a lè gbé rìn. Ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tó. Ọkọ̀ tí a fi ń díje ni ó yẹ kí atúmọ̀ ṣọ́ra fún. Bí kò bá fura, ọmọlanke ni yóò kọ sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé ni káàtì. Ní ọdún 1956 ni Art Ingels kan àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ẹ́ńjìnì kékeré irú èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko ni ó sì fi sí i. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí Yorùbá tí ń pe ọmọlanke ní káàtì, ọ̀rọ̀ àyálò náà ṣófo, a lè lò ó láìsí ìrújú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí adùn eré náà wà gan-an. Bí ọkọ̀ bá dé kọ́nà, ẹni tí ó ti tẹná bọ̀ kò ní tẹ bíréèkì. Bọ́tìnnì R ni yóò tẹ̀. Ọkọ̀ á fò díẹ̀, ìdí rẹ̀ á yà síta, imú rẹ̀ á kọjú sínú kọ́nà náà, yóò sì máa lọ ní ìhà. Bí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀, iná á máa ta pàrà lábẹ́ táyà: aláwọ̀ aró ni ó kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ọsàn, nígbẹ̀yìn aláwọ̀ èsè àlùkò. Bí ó bá jọ̀wọ́ R, ọkọ̀ á já síwájú bí ọfà tí ó kúrò lára ọrun. Bí ó bá ti pẹ́ tó kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ni agbára yẹn ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń pẹ́ ni ó ń súnmọ́ etí ọ̀nà. Lójú títì gidi, kí táyà má di ilẹ̀ mú mọ́ jẹ́ àgbákò. Nínú eré yìí, ènìyàn a mọ̀ọ́mọ̀ ti ara rẹ̀ sínú àgbákò náà, a sì gùn ún bí ẹṣin. Kí ni a ó pè é?

Yọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1a) Ọkọ̀ náà yọ̀.
(1b) Ọkọ̀ náà fì.

Ẹni tí ó gbọ́ (1a) yóò bi wá bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Yọ̀ kò ní olùṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ni ó ń sọ. Fì lè jẹ́ ti ohun tí afẹ́fẹ́ ń mì, ó sì tún lè jẹ́ ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi apá bí ó ti ń rìn. Ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe yìí ni a ń wá. Àwọn kan lè fẹ́ kí á sọ pé ó fi ìdí ọkọ̀, èyí tí ó tọ̀nà ní ti ìtumọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Fì yóò bá fi tí a mọ̀ nínú ‘fi ọ̀bẹ gé e’ dọ́gba. Bí a bá sì ṣe ìsúnkì, fìdí ni yóò dà, etí á sì máa retí múlẹ̀. Nítorí náà, fì láìní àbọ̀ ni a fara mọ́: ‘Fì!’, ‘Ó fì wọ kọ́nà’, ‘Má tíì fì.’ Fífì ni ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ onísílébù kan kò jọ ọ̀rọ̀-ìperí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa kan ọ̀rọ̀ gígùn bí amúlétutù àti amóhùnmáwòrán. A kò bú wọn. Ohun tí ó dúró sójú kan nínú ilé ni wọ́n ń dárúkọ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ta ayò lórí ọpọ́n oníhò 12, ọmọ ayò 48, mọ èyí. Ta, jẹ, ọ̀ta, òpè: èyí tí ó gùn jù nínú wọn kò ju sílébù méjì lọ.

Sádi náà wá láti ibi kan náà. Bí ọkọ̀ kan bá ń sáré, ó ń la afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń tì í padà. Ẹni tí ó bá rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́ kò ní bá ìdènà tó bẹ́ẹ̀ pàdé. Nínú eré náà, bí ó bá wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, eré rẹ̀ á le sí i, yóò sì ré ẹni iwájú kọjá. Ó sá di ẹni iwájú, ó sì fi ààbò náà borí rẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ìdènà afẹ́fẹ́ fún ọmọ ọdún 12 yóò rí i pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ní ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá olùkọ́ sọ ọ́ ni kò sí. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan.

Àwọn ohun tí a ń he lójú ọ̀nà kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, olú, ìràwọ̀ àti mànàmáná ti wà nínú èdè wa. A kò lè pe gbogbo wọn ní ohun ìjà, nítorí pé olú kì í ṣe ènìyàn léṣe. Eré ni ó ń mú le. Àbápàdé ni a dámọ̀ràn, torí pé ẹni tí ó wọ inú àpótí alámì ìbéèrè kò mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀. Àbápàdé náà kò sì dọ́gba: ẹni iwájú a máa rí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí owó ẹyọ kan, ẹni tí ó jìnnà sẹ́yìn a sì máa rí mànàmáná tí ń sọ gbogbo àwọn yòókù di ràrá. Àwọn ọ̀ta a máa bínú sí èyí. Àwa rò pé òun ni kò jẹ́ kí òpè ju ẹ̀rọ sílẹ̀.

Igbá ẹ̀yìn ìjàpá nìkan ni ó fẹ́ àlàyé. (Ìjàpá ti rìn dé Kyoto, kò sì jáwọ́ nínú ìjàngbọ̀n.) Ìkarahun tọ̀nà, ṣùgbọ́n igbá yá lẹ́nu jù ú lọ. Àwọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya irú mẹ́ta sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà, dúdú lè kó àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró pọ̀. Ìwà wọn ni kí á wò. Aláwọ̀ ewé ń lọ tààrà, ó ń kọlu ògiri, ó sì lè padà wá ba ẹni tí ó jù ú: igbá afọ́jú. Pupa ń lépa ẹni tí ó wà níwájú gan-an: igbá adọdẹ. A kò sọ pé igbá ọdẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọdẹ ni ó ni ín. Aláwọ̀ aró, tí ó kọ́kọ́ hàn nínú Mario Kart 64 ti ọdún 1996, kò wá ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹni àkọ́kọ́: igbá apaṣíwájú.

Ó ku ọ̀kan. Ẹni tí ń sáré lòdì sí aago lè rí ọkọ̀ kan tí ojú ń là kọjá, tí ń tọ ipa náà gẹ́lẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti tọ̀ ọ́ nígbà tí ó yára jù. Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ òkú tí ń rìn pè é, atúmọ̀ sì lè sáré kọ iwin tàbí àkúdàáyà. Kò sí ẹni tí ó kú níbẹ̀. Òjìji ni, nítorí pé alààyè ni ó ni òjìji, kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ yìí tún gba ìlò tí iwin kò lè gbà: ‘Mo ti bá òjìji mi, mo sì ti ré e kọjá.’